Ojúlówó Ni Aago Yìí, Tàbí Ayédèrú?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ ni. Ẹlòmíràn lè wí pé, “Kí ni ó kan àwa obìnrin nínú aago àwọn ọkùnrin?” Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé ó kan owó àjọ wa, ó kan àlàáfíà ilé wa, ó sì kan ẹ̀sìn wa pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàwó ilé kan ní Ajíbódè ṣe àpẹẹrẹ. Ajíbódè ni ìletò tí ó wà lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì, àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn oníṣòwò ti bá àwọn onílẹ̀ gbé ibẹ̀ pọ̀. Obìnrin tí mo ń wí yìí ń ta aṣọ ní Ọjọ́ọ̀. Ó ń dá àjọ, nígbà tí ó sì kó o, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, “Ọmọ wa àgbà yóò ṣe ìgbéyàwó lóṣù tí ń bọ̀. Ọkọ mi ti fi gbogbo owó rẹ̀ tọ́ ọmọ. Kò yẹ kí ó jókòó láàárín àwọn àna wa pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù wọn tí ń ta ohun tòkunbọ̀. Ó mú aago Omega kan wá, aago àtijọ́ tí a fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, ojú rẹ̀ funfun bí wàrà. Ó ní, “Ìyá wa, ojúlówó ni. Bí ó ti jáde nílé iṣẹ́ ni ó wà, a kò pààrọ̀ nǹkan kan lára rẹ̀.” Ìyá náà fi owó àjọ rẹ̀ rà á, inú rẹ̀ sì dùn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. A so yìgì tán, àwọn ènìyàn ń jẹun. Ni àbúrò ọkọ rẹ̀ bá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó yẹ aago náà wò, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó wa, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì! Ta ni ń fi iye yìí ta Omega? Ayédèrú ni.” Àwọn tí ó jókòó nítòsí gbọ́. Àwọn àna gbọ́. Ìyá náà kò lè ṣe ju kí ó wí pé, “Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ ṣeun,” ó sì wọlé lọ, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju aago lọ. Owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni. Orúkọ rere ọmọkùnrin oníṣòwò náà ni. Ọlá obìnrin nílé ọkọ rẹ̀ ni. Kí ni kí ó ṣe?

Kí a tó sọ̀rọ̀, kí a wádìí

Ohun kìíní tí ó wá sí i lọ́kàn ni kí ó lọ sí Àsàlátù ní ọjọ́ Sunday, kí ó dìde láàárín gbogbo ẹgbẹ́, kí ó pe ọmọkùnrin náà ní olè. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kò ní yà á lẹ́nu, nítorí ó dùn ún. Ṣùgbọ́n nínú Súrà Al-Hujurat, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé bí ẹnìkan bá mú ìròyìn wá bá wa, kí a kọ́kọ́ wádìí rẹ̀, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹlòmíràn níbi, kí a sì máa kábàámọ̀ lẹ́yìn. Nínú Súrà kan náà ni ó ti kìlọ̀ fún wa nípa ìfura àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Àwọn bàbá wa náà sì wí pé ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Kí ni ẹ̀rí àbúrò ọkọ yìí? Iye owó nìkan. Òtítọ́ ni pé bí ọjà bá pọ̀jù ní dídínwó, ó yẹ kí a fura. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Aago àtijọ́ kan wà tí kò wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Òmíràn sì wà tí wọ́n tà ní owó gọbọi, tí ó sì jẹ́ irọ́.

Ìtàn Omega ti Geneva

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé aláìmọ̀kan nìkan ni a ń fi aago tàn jẹ, kí ó gbọ́ ìtàn yìí. Ilé iṣẹ́ Omega kì í ṣe ilé iṣẹ́ àná. Ọdún 1848 ni Louis Brandt dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Switzerland. Aago wọn kan, Speedmaster, ni ó wà ní ọwọ́ Buzz Aldrin nígbà tí ó rìn lórí òṣùpá ní oṣù July 1969. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń kó aago jọ ti ń wá Speedmaster àtijọ́ bí ẹni ń wá góòlù.

Ní oṣù November 2021, ní ìlú Geneva, ilé gbàǹjo tí à ń pè ní Phillips ta Speedmaster kan tí wọ́n ní ó ti ọdún 1957 wá. Iye tí wọ́n tà á lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta faransi ti Switzerland. Ta ni ó rà á? Omega fúnra rẹ̀ ni, fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀! Nígbà tí ó di oṣù June 2023, Omega kéde pé aago náà kì í ṣe aago kan ṣoṣo: wọ́n ṣa ẹ̀yà ara oríṣiríṣi aago jọ, wọ́n sì tò ó pọ̀ bí ẹni pé láti ọjọ́ kìíní ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan tí ó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú òfin.

Ẹ wò ó! Ẹni tí ó ṣe aago ni ó fi owó ńlá ra aago tí ó gbé orúkọ òun fúnra rẹ̀, a sì tún tàn án. Nítorí náà, ìyá wa ti Ajíbódè, má sunkún mọ́. Ohun tí ó ṣe ọ ti ṣe àwọn ọlọ́rọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìtàn yìí. A máa ń rò pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà, ojúlówó tàbí ayédèrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni. Èkíní ni ojúlówó pátápátá. Èkejì ni ayédèrú pátápátá, tí wọ́n kàn kọ orúkọ olórúkọ sí lójú. Ẹ̀kẹta ni àdàlù: inú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, òde rẹ̀ ni a ti yí padà, tàbí orí ti ibòmíràn wá, ara ti ibòmíràn wá. Àdàlù yìí ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn aago àlòkù àtijọ́, òun ni ó sì ṣòro jù láti mọ̀.

Bí a ṣe ń yẹ aago wò

Bí aago àlòkù bá wà nílé yín tí ọkàn yín kò balẹ̀ sí, àwọn ohun tí ẹ lè wò nìwọ̀nyí.

Èkíní, ẹ wo bí ọwọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá ṣe ń rìn. Aago tí ń lo bátìrì máa ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan: tá, tá, tá. Aago tí a ń wáìn, tàbí èyí tí ń wáìn ara rẹ̀ bí a ti ń ju ọwọ́, kì í fò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń mira ní ìgbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò fi dà bí ẹni pé ó ń yọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Aago bátìrì kì í ṣe ayédèrú nítorí bátìrì. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Seiko ti Japan ti gbé irú rẹ̀ jáde ní oṣù December 1969, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Switzerland náà ti ṣe tiwọn. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé, irú èyí gan-an, ṣé oníbátìrì ni ó yẹ kí ó jẹ́? Bí ó bá yẹ kí a máa wáìn án, tí ó sì ń fò bí oníbátìrì, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Èkejì, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Ṣé lẹ́tà rẹ̀ gún régé, tàbí ó nípọn níhìn-ín, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún? Ṣé àmì wákàtí kọ̀ọ̀kan dúró gangan sí àyè rẹ̀? Ọ̀rọ̀ “Swiss Made” tí a kọ sí ìsàlẹ̀ ojú aago ní òfin tirẹ̀ ní Switzerland. Láti ọdún 2017, ó kéré tán, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye owó tí a fi ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ayédèrú náà mọ̀ ọ́n kọ, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta, lára Omega àtijọ́ tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ irú oníke, wọ́n sábà máa ń fín àmì Omega kékeré kan sí àárín gíláàsì náà. Ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ni a fi ń rí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì nìkan.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù: inú aago. Ẹ má fi ọ̀bẹ ilé ìdáná ṣí i o! Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà aláago tí ó ní irinṣẹ́, kí ẹ sì jókòó tì í nígbà tí ó bá ń ṣí i. Òde aago lè purọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ìfun rẹ̀ purọ́.

Ohun tí aláago rí

Ìyá wa fi ìyẹn sọ́kàn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìgboro Ìbàdàn, sọ́dọ̀ bàbá aláago kan tí irun rẹ̀ ti funfun sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún mi, bí ó tilẹ̀ korò.”

Bàbá náà ti awò kékeré mọ́ ojú, ó ṣí ẹ̀yìn aago náà. Inú rẹ̀ pọ́n bí idẹ pupa, bí inú Omega ìgbà náà ti í rí. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìfun rẹ̀, nọ́ńbà irú aago náà sì wà nínú ọmọrí ẹ̀yìn. Méjèèjì sì bá ara wọn mu. Lẹ́yìn náà ó yí i padà, ó wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi, ìfun aago yìí kò purọ́. Omega ni. Ojú rẹ̀ ni ó ń purọ́ díẹ̀. Wọ́n ti tún un kùn. Wo lẹ́tà yìí bí ó ti nípọn. Orí tí a fi ń wáìn án yìí náà kò ní àmì Omega. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Aago rere ni, yóò ṣiṣẹ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wí fún ọ pé a kò pààrọ̀ nǹkan kan lára rẹ̀ kò sọ òtítọ́, iye owó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tó ti èyí tí a kò fọwọ́ kàn.”

Ẹ ò rí i bí? Àbúrò ọkọ ṣì í, nítorí kì í ṣe ayédèrú. Oníṣòwò náà ṣì í, nítorí kì í ṣe bí ó ti jáde nílé iṣẹ́. Bí ìyá náà bá ti pariwo ní Àsàlátù, ìbá ti pe ẹni tí kì í ṣe olè ní olè.

Ọ̀nà tí ẹ̀sìn là sílẹ̀

A gbọ́ nínú Hadisi tí Muslim gbà wá pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọjá lọ́dọ̀ ẹnìkan tí ń ta ọkà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Ẹni náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ó sì jẹ́ kí ó yé e pé ẹni tí ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ní kí ó má ta ọkà tí òjò pa. Ohun tí ó ní kí ó ṣe ni pé kí ó fi hàn. Bẹ́ẹ̀ ni aago tí a tún ojú rẹ̀ kùn. Kò sí èèwọ̀ nínú títà rẹ̀. Fífi àbùkù rẹ̀ pamọ́ ni èèwọ̀.

Òfin Islam sì fún ẹni tí ó ra ọjà tí ó ní àbùkù tí a kò fi hàn án ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà kí ó sì gba owó rẹ̀. Àwọn méjèèjì sì lè fi ọ̀rọ̀ tutù yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, kí a gbé e lọ síwájú ààfáà tí ó mọ ìwé.

Òfin ìjọba náà kò dákẹ́. Òfin tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, èyí tí a ṣe ní ọdún 2018, ní kí ẹni tí ń ta ohun àlòkù sọ ọ́ gbangba pé àlòkù ni, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà alábùkù padà. Àjọ FCCPC ni ó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ni ẹnu tí a fi ń rojọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò gba rìsíìtì, ẹnu rẹ̀ kò ní dá ṣáṣá.

Ìyá wa pe ọmọkùnrin náà sílé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Kò pe èrò. Ó gbé aago kalẹ̀, ó sọ ohun tí aláago sọ. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ìyá wa, Ọlọ́hun ni ẹlẹ́rìí mi, n kò mọ̀. Bí ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín. N kò ṣí i wò.” Ìyá náà dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o kò mọ̀, má fi ẹnu rẹ ṣe onídùúró fún un mọ́.” Ó ní òun yóò gba aago padà tàbí kí òun dá nínú owó padà, èyí tí ìyá bá fẹ́. Ìyá mú aago, ó gba ìyókù owó, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú aago náà jẹ́ àtúnkùn.

Àbúrò ọkọ ńkọ́? Gbangba ni ó ti sọ̀rọ̀, gbangba náà ni ó yẹ kí ó ti tún un ṣe. Ọkọ rẹ̀ ni ó wí fún un. Nígbà tí àwọn àna wá kí wọn, ó ní, “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo ṣì í. Ìyàwó wa kò ra ayédèrú.” Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó gbé orí obìnrin náà sókè ju aago lọ.

Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ó fẹ́ rà

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba ìmọ̀ràn kún un. Ẹ má san gbogbo owó kí aláago tó rí inú rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì, kí a kọ orúkọ aago, nọ́ńbà rẹ̀, àti ohun tí a ti pààrọ̀ sí i. Ẹ bèèrè ibi tí ó ti wá. Aago olè náà kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n ó burú ju ayédèrú lọ. Bí ẹ bá ti rà á tán tí ẹ sì rí i pé irọ́ ni, ẹ má ṣe wí pé, “Bí wọ́n ti ṣe mí ni èmi náà yóò ṣe ẹlòmíràn.” Ẹni tí ó bá mọ̀, tí ó sì tún un tà bí ojúlówó, ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó tàn án.

Ohun kan tún kù, ẹ̀yin ìyàwó ilé. Nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀rù pé aago aláwọ̀ wúrà tí ẹ rà fún ọkọ yín lè jẹ́ ayédèrú, ẹ rò ó wò: bí ó bá jẹ́ ojúlówó wúrà ńkọ́? Hadisi ti fi yé wa pé èèwọ̀ ni wúrà fún àwọn ọkùnrin wa, ẹ̀tọ́ sì ni fún ẹ̀yin obìnrin. Irin ni kí ẹ wá fún un. Ní ti èyí tí a kàn fi omi wúrà kùn lásán, ẹ bi ààfáà yín.

Òwe wa wí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi owó àjọ wa ra èké, kí ó má sì jẹ́ kí a fi ìfura ba aládùúgbò wa jẹ́. Aago náà ṣì ń rìn lọ́wọ́ bàbá ní Ajíbódè. Ojú rẹ̀ jẹ́ àtúnkùn, gbogbo ilé ni ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì mú un pẹ́ ìrun lẹ́ẹ̀kan rí.